Ẹ̀yìn Ìṣọ̀lá Kì í Ṣe Ẹsẹ̀ Tábìlì

Bí àlejò bá jókòó pẹ́ níbi ìpàdé ní ìlú Òkè-Apá, kò ní ṣàì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n á máa wá ẹni tó máa gbá gbọ̀ngàn ìlú, ojú gbogbo wọn á sì lọ sára akọ̀wé. Òun ló ń kọ ìwé, òun ló ń kó àga jáde, òun náà ló ń kó o wọlé, torí kì í kọ iṣẹ́. Kí akọ̀wé tó lanu, àgbàlagbà kan á ti wúkọ́. Á ní, "Ẹ̀yìn Ìṣọ̀lá kì í ṣe ẹsẹ̀ tábìlì." Kò ní ṣàlàyé kankan. Wọ́n á yan ẹlòmíì, ìpàdé á sì máa lọ.

Èmi náà ti jẹ́ àlejò níbẹ̀ rí. Mo bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé ta ni Ìṣọ̀lá, kí ló sì kan ẹ̀yìn ọmọ èèyàn nínú ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tábìlì. Ó ní kí n jẹ́ kí ìpàdé parí ná. Nígbà tó parí, ó mú mi jókòó sórí ìtì igi kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó sì sọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí.

Iṣẹ́ igi ni wọ́n fi mọ Òkè-Apá. Ilé ìlagi ńlá kan wà létí odò tí ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń ké láti àárọ̀. Bó bá di ọ̀sán, ẹ̀rọ á dákẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ bí ọgọ́rin á tú jáde pẹ̀lú eruku igi nínú irun, wọ́n á sì forí lé ilé àsè tó wà ní òdìkejì títì. Mojírayọ̀ ló ni ilé àsè náà. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, Rántí sì ni orúkọ àkọ́bí rẹ̀, nítorí náà Ìyá Rántí ni gbogbo èèyàn ń pè é. Àdéhùn tó bá ilé ìlagi ṣe ni pé oúnjẹ gbọ́dọ̀ jinná lọ́sàn-án gbogbo ọjọ́ iṣẹ́. Bí ọjọ́ kan bá yẹ̀, wọ́n á pe alásè mìíràn. Ìyá Rántí mọ̀ pé wọn kì í fi ìyẹn ṣeré, torí bí wọ́n ṣe pe òun gan-an nìyẹn, nígbà tí ara ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kò yá fún ọjọ́ méjì péré.

Ilé àsè náà gùn, ó sì há. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, lápá ojú títì. Ààrò mẹ́rin wà lẹ́bàá ògiri ọ̀tún, tábìlì gígùn kan wà lẹ́bàá ògiri òsì, àyè tó wà láàárín wọn kò sì ju kí èèyàn méjì fara kan ara wọn kọjá lọ. Orí tábìlì yìí ni wọ́n ti ń gé ẹran, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé ìkòkò kà bó bá kúrò lórí iná, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bu oúnjẹ. Igi ni tábìlì náà nígbà yẹn. Epo ti mu ún dúdú, aáyán sì ti sọ ihò ara rẹ̀ di ilé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, wòléwòlé dé. Kò pariwo. Ó fi ṣóńṣó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gún ihò kan lára tábìlì, nǹkan mẹ́ta sì sáré jáde níbẹ̀. Ó nu kọ́kọ́rọ́ náà, ó fi í sápò.

"Ìyá, irin tí kì í dípẹtà ni mo fẹ́ bá níbí lọ́jọ́ méje òní. Bí mi ò bá bá a, màá ti ilẹ̀kùn yìí."

Ìyá Rántí kò jẹun lọ́jọ́ náà. Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti ránṣẹ́ sí èèyàn méjì. Èkíní ni Láoyè, jórinjórin tó wà ní oríta, ẹni tó ṣe géètì ààfin. Ìkejì ni Ìṣọ̀lá, káfíńtà. Inú agbo ilé kan náà tí Ìyá Rántí ti wá ṣe ìyàwó ni wọ́n bí Ìṣọ̀lá sí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí wọ́n gbé Ìyá Rántí wọlé, nítorí náà "ọkọ mi" ló ń pè é títí tó fi di baba ọmọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Àyà rẹ̀ gbòòrò, ọwọ́ rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ kò sì lè sọ pé rárá.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró nínú ilé àsè. Láoyè fi okùn wọn ògiri, ó ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni.

Ìṣọ̀lá ní, "Ọ̀gá Láoyè, irin yẹn fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ lásán, ó máa wọlé láàárín. Ẹ jẹ́ kí n ṣe pákó tó nípọn, ká fi gọ́ọ̀mù lẹ irin yín mọ́ ọn lórí, kẹ́ ẹ wá ṣẹ́ etí rẹ̀ sísàlẹ̀. Kí irin ìdábùú wà lábẹ́ pákó náà, ọ̀kan ní ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó mẹ́jọ, mẹ́rin níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn."

"Lẹ́yìn kẹ̀? Ògiri wà lẹ́yìn. Màá kan irin mọ́ ògiri, tábìlì á jókòó lé e."

"Alámọ̀ ni ògiri yẹn. Sìmẹ́ńtì tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi rẹ́ ojú rẹ̀. Kò lè di ìṣó mú."

Láoyè rẹ́rìn-ín. "Ìṣọ̀lá, pákó lò ń tà, ìdí nìyẹn tó o fi fẹ́ fi pákó sí gbogbo nǹkan. Láti ìgbà tí mo ti ń jó irin, mi ò tíì rí irin tó tọrọ agbára lọ́wọ́ igi." Ó yíjú sí Ìyá Rántí. "Ìyá, bí ẹ bá dúró de káfíńtà, á gbẹ́ pákó, gọ́ọ̀mù á gbẹ, ọ̀sẹ̀ kan á lọ. Èmi nìkan, ọjọ́ mẹ́ta."

Ìyá Rántí wo ẹnu ọ̀nà, bí ẹni pé wòléwòlé ti dúró síbẹ̀. Ó wo Ìṣọ̀lá.

"Ọkọ mi, máà bínú. Ojú ń kán mi."

"Kò burú, Ìyá Rántí," ni Ìṣọ̀lá wí, ó sì padà síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni tábìlì dé, ó sì dán lóòótọ́. Ẹni tó bá tẹ̀ sórí rẹ̀ á rí eyín ara rẹ̀. Wòléwòlé fi ìka ra á láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ó wo ìka náà, ó buwọ́ lu ìwé, ó sì bọ́ sórí alùpùpù rẹ̀. Kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti wò ó ni, ẹsẹ̀ méjì péré ni wọn ì bá rí níwájú, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun ọ̀hún, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun ìhín, irin ìdábùú kan láàárín, àti irin gbọọrọ kan lẹ́yìn tí wọ́n fi ìṣó mẹ́fà kàn mọ́ ògiri amọ̀.

Ìbídùn ló kọ́kọ́ fura. Obìnrin yìí ló ń bá Ìyá Rántí se oúnjẹ, ọmọ oṣù mẹ́fà sì máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbàkigbà tó bá ń gé ẹran, tábìlì á máa dún gbàù gbàù bí agolo òfìfo. Ní ọjọ́ kẹta, ó da omi sórí rẹ̀ láti fọ̀ ọ́, omi náà kò sì ṣàn lọ. Ó kóra jọ sí àárín bí adágún kékeré.

"Màmá, tábìlì yìí ti ní ikùn."

Ìyá Rántí ránṣẹ́ sí Láoyè. Láoyè ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé irin tuntun a máa na ara.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe gbé ìkòkò ẹ̀wà kà á, àárín tábìlì sọ̀ kalẹ̀ ní ìbú ọwọ́ kan. Ìṣọ̀lá ti wà níta pẹ̀lú àwọn tó wá jẹun. Ìyá Rántí pè é. Ìṣọ̀lá kò bi í léèrè ohunkóhun. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi ọwọ́ àti orúnkún wọ abẹ́ tábìlì, ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ tì í, ó sì na ara díẹ̀díẹ̀ títí ojú irin fi tẹ́. Ìbídùn ti ìtì igi kan sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Ìṣọ̀lá jáde, àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n sì fi ẹran kún oúnjẹ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìtì igi náà kì í dúró lọ títí. Ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń tutù, ó sì máa ń yọ̀. Bí wọ́n bá ń gbálẹ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n á yọ ọ́. Bí ọ̀sán bá tún dé, Ìyá Rántí á yọjú síta, á ní, "Ẹ bá mi pe ọkọ mi." Ìṣọ̀lá á dé, á wọlé sábẹ́ rẹ̀, á gbé e. Ó di pé bí wọ́n bá fẹ́ gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀, wọn kì í wo tábìlì mọ́, Ìṣọ̀lá ni wọ́n ń wò bóyá ó ti dé.

Ó sọ fún Ìyá Rántí nígbà kan. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n wá ṣe é. Pákó wà nílé. Ẹ kàn máa ti ilẹ̀kùn fún bí ọjọ́ mẹ́rin ni."

"Ọjọ́ mẹ́rin, ọkọ mi? Wọ́n á ti gbé ẹlòmíì wá. Jẹ́ ká dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ná."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kọjá, òmíràn dé. Nílé, Ayọ̀ká, ìyàwó Ìṣọ̀lá, ti rí i pé ọkọ òun kì í lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Òun ló ń fi òrí pa ẹ̀yìn náà fún un. Ó rí ibi tí etí irin ti fà á lára, ìlà pupa mẹ́ta tó sọdá láti èjìká kan sí èkejì.

Ó ní, "Ẹ kọ̀ fún wọn."

Ìṣọ̀lá ní, "Ìyàwó ilé wa ni. Òun ló ń gbé oúnjẹ fún mi nígbà tí ìyá mi kú. Báwo ni mo ṣe máa kọ̀ fún un?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé alámọ̀ ni ògiri yẹn."

Ọwọ́ Ayọ̀ká dúró lórí ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí òrí ti wọlé tán.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, àwọn tó ń ra igi ti wá láti ìlú ńlá, ilé ìlagi sì ní kí Ìyá Rántí se ìlọ́po méjì. Dípò ìkòkò méjì, mẹ́rin ló wà lórí iná: ìrẹsì méjì, ẹ̀wà kan, àti ọbẹ̀ tí epo rẹ̀ ṣì ń hó nígbà tí wọ́n gbé e kúrò lórí ààrò. Ẹni méjì-méjì ló ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n wá ìtì igi, wọn kò rí i. Awakọ̀ kan ti mú un lọ fi dí táyà ọkọ̀ akẹ́rù.

Ìyá Rántí ní, "Ọkọ mi, bá mi dì í mú díẹ̀. Wọ́n ń wá òmíràn bọ̀."

Ìṣọ̀lá wọ abẹ́ rẹ̀. Ó gbé ẹ̀yìn tì í. Wọ́n gbé ìkòkò ìrẹsì kìíní kà á, wọ́n gbé ìkejì, wọ́n gbé ẹ̀wà. Wọ́n gbé ọbẹ̀ kẹ́yìn. Ìbídùn ti lọ dúró ní ìpẹ̀kun inú lọ́hùn-ún pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó ń to àwo.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ kò ju kí èèyàn ṣẹ́ ìka lọ. Lẹ́yìn náà ni erùpẹ̀ ya láti ara ògiri, ìṣó kan sì bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ dé ibi ọwọ́ Ìṣọ̀lá.

Ìṣọ̀lá wo ìṣó náà. Ó ní láti abẹ́ tábìlì, ohùn rẹ̀ kò ga, "Ìyá Rántí, ògiri ń tú u sílẹ̀."

Ìṣó kejì bọ́. Irin ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lára ògiri, gbogbo ìwúwo rẹ̀ sì wá sí iwájú. Ẹsẹ̀ tó wà lápá ẹnu ọ̀nà tẹ̀ bí orúnkún arúgbó. Ojú tábìlì wọlé láàárín, àwọn ìkòkò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà wá sí ọ̀kánkán ẹ̀yìn Ìṣọ̀lá, wọ́n ń ha irin bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Epo gbígbóná dà sí ilẹ̀ níwájú ààrò. Àwọn obìnrin tó wà lápá ẹnu ọ̀nà fò jáde. Ìyá Rántí nìkan ló kù níbẹ̀, àti Ìbídùn ní ìpẹ̀kun inú, níbi tí kò sí ilẹ̀kùn. Fèrèsé tó wà lẹ́yìn rẹ̀, irin ni wọ́n fi dí i.

"Ta ló wà nínú?" ni Ìṣọ̀lá béèrè.

"Ìbídùn ni. Pẹ̀lú ọmọ."

"Ẹ má fọwọ́ kan ìkòkò kankan. Ẹ jẹ́ kó kọjá ná."

Ìbídùn tú ọ̀já. Ó gbé ọmọ wá síwájú, ó fà á mọ́ àyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gbẹ́ rìn láàárín ààrò àti tábìlì. Iná ń jó o lẹ́yìn, ìkòkò ọbẹ̀ ń mì níwájú rẹ̀ ní ìwọ̀n apá kan. Nígbà tó dé ọ̀kánkán àárín, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú epo, ó sì fi ọwọ́ kan gbá etí tábìlì mú. Wọ́n gbọ́ bí Ìṣọ̀lá ṣe mí lábẹ́ rẹ̀. Tábìlì kò lọ.

"Máa bọ̀," ló wí. "Mo wà níbí."

Ó kọjá. Ìyá Rántí fà á síta.

Láoyè ti wà lára àwọn tó wá jẹun lọ́jọ́ náà. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ojú rẹ̀ dà bí eérú. Ẹnì kan tì í lẹ́yìn, kò mira. Ìṣó kẹta bọ́.

"Ta ló wà níbẹ̀?" ni Ìṣọ̀lá tún béèrè.

"Èmi ni," ni Láoyè dáhùn. "Láoyè."

"Ọ̀gá, bí ẹ bá kọ́kọ́ gbé ti ẹ̀gbẹ́, ó máa dojú dé. Èyí tó wà láàárín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé."

Ọbẹ̀ ló wà láàárín. Láoyè bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi wé ọwọ́, ó wọlé. Ìyá Rántí di etí kejì mú. Wọ́n gbé e. Bí wọ́n ṣe ń gbé e, epo bì láti ẹnu ìkòkò, ó gba ojú irin, ó sì ṣàn wọ abẹ́ láti ibi tí irin ti là. Ìyá Rántí rí i bó ṣe ń lọ. Kò lè dá a dúró, torí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára ìkòkò. Ìṣọ̀lá ké lẹ́ẹ̀kan, ohùn kúkurú, ó sì tún dákẹ́. Tábìlì kò lọ.

Wọ́n gbé ẹ̀wà. Wọ́n gbé ìrẹsì kìíní. Nígbà tí wọ́n gbé ìkẹyìn dé ìta, Láoyè sáré padà, òun àti ọkùnrin méjì fa tábìlì náà kúrò lórí Ìṣọ̀lá, wọ́n sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Láìsí ìkòkò lórí rẹ̀, kò wúwo rárá. Ẹni kan ṣoṣo lè gbé e.

Ṣùgbọ́n Ìṣọ̀lá kò dìde. Ọwọ́ àti orúnkún rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú, orí rẹ̀ sì wálẹ̀, bí ẹni tí tábìlì ṣì wà lórí rẹ̀.

Ìyá Rántí kúnlẹ̀ tì í nínú epo. "Ọkọ mi, wọ́n ti gbé e kúrò. Dìde."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹ̀yìn mi kò gbọ́ tèmi mọ́."

Inú ọkọ̀ tó ń kó pákó ni wọ́n fi gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó lo oṣù méjì níbẹ̀. Awọ èjìká rẹ̀ san. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ jinná, àmọ́ kò jinná bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó padà wá sílé, ọ̀pá ló fi ń rìn, àwọn dókítà sì ti sọ pé kó má tún gbé ohun tó wúwo ju korobá omi lọ.

Òkìkí rẹ̀ kàn ní gbogbo ìlú. Àwọn obìnrin ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe àdúrà fún ọmọ wọn. Ní ọjọ́ kejì tó dé, Ìyá Rántí kó àwọn alásè ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí agbo ilé, wọ́n gbé oúnjẹ lórí, wọ́n ń kọrin. Ìbídùn wà láàárín wọn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ìṣọ̀lá jókòó sórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ayọ̀ká dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Rántí kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó ti bá níbẹ̀ nígbà tó wá ṣe ìyàwó. Ó kì í. Ó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yìn náà, ẹ̀yìn tó gbé iná, ẹ̀yìn tó gba ìyá là tó gba ọmọ là, ẹ̀yìn tó le ju irin lọ. Àwọn obìnrin ń dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀, omijé òtítọ́.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Láoyè ti na tábìlì náà. Ó ti tún kàn án mọ́ ògiri, a ti ń lò ó. Ọlọ́run á fún ọkọ wa lókun, á tún padà wá sáàárín wa."

Kò sí ẹni tó rí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ yìí àyàfi ẹnì kan. Ayọ̀ká jáde láti ẹ̀yìn àga. Ìyá Rántí ni ìyálé rẹ̀ nínú agbo ilé. Láti ọdún mọ́kànlá tó ti wọlé, kò dá a lóhùn rí. Ó kúnlẹ̀ lórúnkún méjèèjì.

"Ìyálé mi, ẹ ṣé. Oúnjẹ yín ni ọkọ wa jẹ dàgbà nínú ilé yìí. Mo fi orúnkún bẹ̀ yín, ẹ má yìn ín mọ́. Ẹ̀yìn baba àwọn ọmọ mi kì í ṣe ẹsẹ̀ tábìlì."

Orin dúró. Ẹnì kan fẹ́ bá a wí, Ìyá Rántí sì gbé ọwọ́ dá a dúró. Ó wo Ìṣọ̀lá lójú, bí ẹni pé ó ń retí pé kó sọ pé kò burú. Ìṣọ̀lá kò sọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò sọ ọ́. Ó gbé ojú sílẹ̀, ó ń wo ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Rántí dìde, ó sì jáde lọ.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìlagi bá ilẹ̀kùn ilé àsè ní títì. Wòléwòlé kọ́ ló tì í. Ìyá Rántí fúnra rẹ̀ ló tì í, ó sì wà ní títì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ṣẹlẹ̀: ní ọjọ́ kẹta, wọ́n pe alásè mìíràn, nígbà tó sì ṣí padà, ìdajì àwọn oníbàárà rẹ̀ kò wá mọ́.

Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, Láoyè wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìṣọ̀lá. Wọ́n gbé àga fún un, kò jókòó lé e. Ilẹ̀ ló jókòó sí, òun tó dàgbà ju Ìṣọ̀lá lọ.

Ó ní, "Sọ ọ́ fún mi bó o ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Níbo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀?"

Ìṣọ̀lá ní, "Láti ilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ po kọnkéré síbi tí ẹsẹ̀ máa dúró sí, kó má baà rì."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ, kí wọ́n fi irin so wọ́n pọ̀ nísàlẹ̀ kí wọ́n má lè yà. Irin ìdábùú ní ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì. Pákó lórí rẹ̀, gọ́ọ̀mù lórí pákó, kí wọ́n gbé òkúta lé irin náà títí gọ́ọ̀mù á fi gbẹ, kí afẹ́fẹ́ má baà kù sábẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n ṣẹ́ etí irin wọ abẹ́, kó má baà gé ẹnikẹ́ni lára. Kí wọ́n má kan nǹkan kan mọ́ ògiri. Láoyè tún un sọ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n gbé ìkòkò mẹ́rin kà á, Ìbídùn fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín, kò dún gbàù. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá gbá ìdí igi.

Ayọ̀ká kò dárúkọ ọkọ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó sọ, torí ìyàwó kì í dárúkọ ọkọ. Àwọn ará ìlú ló fi orúkọ náà sí i. Wọ́n ní Ìyá Rántí gan-an ló kọ́kọ́ lò ó, ní ọdún tí wọ́n fẹ́ kí Ìbídùn máa dá se oúnjẹ ìsìnkú kan nítorí pé kì í ráhùn. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yin Ìbídùn, wọ́n ń pè é ní alágbára obìnrin. Ìyá Rántí gbọ́ ìyìn náà, ó dá wọn lẹ́kun.

Ó ní, "Ẹ má yìn ín. Ẹ wá èèyàn mẹ́ta kún un. Ẹ̀yìn Ìṣọ̀lá kì í ṣe ẹsẹ̀ tábìlì."